Lẹ́tà ni tàbí Ẹrù? Ẹ̀kọ́ tí Bíríkì Ìṣeré Kọ́ Mi

Àpòòwé náà dé ilé ẹni tí mo fi í ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n òfìfo ni ó dé. Ìyá àgbà tí ó ra ọjà lọ́wọ́ mi ni ó ya àwòrán rẹ̀ tí ó sì fi hàn mí: àpòòwé funfun kan, àdírẹ́sì tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, òǹtẹ̀ owó ìfìwéránṣẹ́ ní igun òkè, àti ihò kan ní igun ìsàlẹ̀ tí ìka méjì lè gbà kọjá. Bíríkì ìṣeré pẹlẹbẹ mẹ́jọ ni mo kó sínú rẹ̀. Kò ku ẹyọ kan. Lábẹ́ àwòrán náà ni ó kọ ọ́ sí pé ọmọ ọmọ òun ti ń jókòó ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ méjì, kí ni kí òun wá sọ fún un?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó wá sí mi lọ́kàn kò dára, n kò sì ní fi pa mọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Mo rò pé irọ́ ni ìyá náà ń pa. Mo rò pé ó ti kó bíríkì sínú ilé, ó fi ọ̀bẹ gún ìwé, ó sì fẹ́ gba owó rẹ̀ padà. Gbogbo owó ọjà náà kò tó pọ́n-ùn mẹ́ta, síbẹ̀ inú mi ru bí ẹni pé wọ́n jí ẹrù ọkọ̀ kan lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì tí ó le nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yọ sí mi láti ilé ìdáná.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó mú mi kọ àròkọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí mo ṣe di oníbíríkì.

Àpò mẹ́ta lábẹ́ ibùsùn

Peckham ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọkùnrin méjì ni ó bí, àwọn méjèèjì sì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, kò sí ọjọ́ ìbí tàbí ọdún Kérésìmesì tí ẹnì kan kì í ra LEGO fún wọn. Nígbà tí wọ́n dàgbà, àpò ńlá mẹ́ta kún fún bíríkì lábẹ́ ibùsùn wọn, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣí i mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá pè mí, ó ní, "Ìwọ tí o máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní gbogbo ọjọ́, bá mi tà á. Mú ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀. Ìyókù, a ó fi kún owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ yìí, kí wọ́n lè lọ rí bàbá wọn àgbà ní Ìbàdàn."

Ọdún márùn-ún ni àwọn ọmọ náà kò tíì fojú kan bàbá wa. Nítorí náà, owó bíríkì kì í ṣe owó ìpápánu.

Kí ni ó mú kí bíríkì àlòkù níye lórí? Ole Kirk Christiansen, káfíńtà kan ní ìlú Billund ní orílẹ̀-èdè Denmark, ni ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1932. Ní 1934 ni ó fún un ní orúkọ LEGO, láti inú ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè wọn tí ó túmọ̀ sí "ṣeré dáadáa". Ọjọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1958 ni ọmọ rẹ̀ fi bíríkì tí a mọ̀ lónìí sílẹ̀ lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀, bíríkì tí ó ní kókó lórí àti ihò lábẹ́. Láti ọdún náà títí di òní, wọn kò yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Bíríkì tí bàbá ẹnì kan fi ṣeré ní 1960 yóò mọ́ ti ọmọ ọmọ rẹ̀ lónìí pinpin.

Ìdí nìyí tí bíríkì kì í fi í gbó lójú àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá sọnù lára ilé tàbí ọkọ̀ tí ọmọdé ń kọ́, a lè rí ẹyọ náà gan-an rà. Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gbajúmọ̀ jù fún èyí ni BrickLink, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, tí ilé iṣẹ́ LEGO fúnra rẹ̀ sì rà ní 2019. Níbẹ̀ ni ènìyàn ti lè ra orí ọmọlangidi kan, tàbí táyà mẹ́rin, tàbí bíríkì pupa mẹ́fà péré.

Ẹ wá rí ibi tí ọ̀ràn wà. Ẹni tí ó ra táyà mẹ́rin lè san pọ́n-ùn kan àbọ̀. Bí a bá gba pọ́n-ùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìfiránṣẹ́, owó ọkọ̀ ti ju owó ọjà lọ, yóò sì kọ̀ ọ́. Bí a bá sì fi í ránṣẹ́ lọ́nà tí ó rọjú jù, ó lè má dé. Láàrin méjèèjì yìí ni gbogbo oníbíríkì ń gbé.

Mílímítà márùn-ún

Kí ó tó di ọdún 2006, bí nǹkan ṣe wúwo tó nìkan ni iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Royal Mail ń wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó gba owó lórí lẹ́tà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún náà ni òfin yí padà: láti ìgbà náà, bí nǹkan ṣe gùn, bí ó ṣe fẹ̀ àti bí ó ṣe nípọn tó ti di ohun tí à ń wọ̀n mọ́ ìwúwo.

Lẹ́tà kékeré kò gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 24 lọ, kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju 16.5 lọ, kò gbọdọ̀ nípọn ju mílímítà 5 lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 100 lọ. Lẹ́tà ńlá lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35.3, kí ó fẹ̀ tó 25, kí ó sì nípọn tó mílímítà 25. Ohun tí ó bá ju èyí lọ ti kúrò ní lẹ́tà, ó di ẹrù, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní pásẹ́ẹ̀lì. Pásẹ́ẹ̀lì kékeré kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 45 ní gígùn, 35 ní fífẹ̀ àti 16 ní nínípọn lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju kílò méjì lọ.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, òǹtẹ̀ kíláàsì kejì fún lẹ́tà kékeré di 87p, ti lẹ́tà ńlá tí kò ju gíráàmù 100 lọ di £1.55. Owó pásẹ́ẹ̀lì kékeré ju ìlọ́po méjì ti lẹ́tà ńlá lọ. Ẹ ó rí i pé ẹni tí ó ń ta ọjà pọ́n-ùn méjì kò ní ṣàì máa wo lẹ́tà kékeré tìfẹ́tìfẹ́.

Èmi náà wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Mo mú rúlà, mo wọn bíríkì. Bíríkì gidi ga ní mílímítà 9.6, kókó orí rẹ̀ sì ga ní nǹkan bí 1.7. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 11, nítorí náà kò lè wọ lẹ́tà kékeré láéláé. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí ó pẹlẹbẹ, ìdá kan nínú mẹ́ta bíríkì gidi. Mílímítà 3.2 ni gíga rẹ̀. Bí a bá fi kókó orí rẹ̀ kún un, ó di 4.9. Mo pariwo ayọ̀. Mílímítà 5 ni wọ́n ní kí a má kọjá, tèmi sì jẹ́ 4.9! Mo kó pẹlẹbẹ mẹ́jọ sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́, mo lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, mo sọ ọ́ sínú àpótí lẹ́tà ní ìkóríta.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ìwé àpòòwé náà ní nínípọn tirẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Ohun tí n kò tilẹ̀ rò rárá ni ohun tí ojú lẹ́tà ń rí lẹ́yìn tí ó bá kúrò lọ́wọ́ wa.

Ìgò òróró lórí tábìlì

Ẹ jẹ́ kí a padà sí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wo àwòrán àpòòwé náà, ó wo ojú mi, ó sì wo èsì tí mo ń kọ.

"Ṣé ìwọ ti dán an wò?"

"Àǹtí, kí ni kí n dán wò? Ìyá yìí ń parọ́ ni."

Kò dá mi lóhùn. Ó mú àpòòwé kan náà nínú èyí tí mo rà, ó kó pẹlẹbẹ mẹ́jọ sí i, ó sì lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ó gbé e lé orí tábìlì. Ó mú ìgò òróró, ó dà á dùbúlẹ̀, ó sì yí i gba orí àpòòwé náà kọjá bí ẹni ń yí ìyẹ̀fun. Gbogbo bíríkì sá lọ sí igun kan. Ó tún yí i padà. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ àpòòwé náà kọrọdọ sí etí tábìlì, ó sì fà á kọjá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni igun ìwé náà ya. Bíríkì mẹ́ta fò jáde, ọ̀kan sì yí lọ sábẹ́ fíríìjì.

"Ẹ̀rọ ni ó ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbi tí wọ́n ń kó wọn lọ," ó ní. "Kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ náà ń fún lẹ́tà láàrin bẹ́líìtì, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń sáré. Ó rò pé bébà ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwọ kó òkúta kéékèèké sínú ìwé, o wá ń pe ìyá oníyàá ní òpùrọ́."

Ojú tì mí. Mo pa èsì tí mo kọ rẹ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni n kò di ọjà náà dáadáa, mo sì dá owó rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni mo wá pẹlẹbẹ mẹ́jọ mìíràn nínú àpò kejì, mo sì fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nínú lẹ́tà ńlá, lọ́nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. Ó dé láàrin ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọdé kan ni ó rán mi níṣẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta, mo sì fẹ́ fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi ara mi kí n tó yan ọ̀nà, mo sì rò pé yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi ohun kékeré ránṣẹ́, ìbáà ṣe bíríkì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí bọ́tìnnì.

Àkọ́kọ́: báwo ni ó ṣe nípọn tó lẹ́yìn tí mo bá ti dì í tán? Mo gé àlàfo méjì sí ara páálí líle kan, ọ̀kan ní mílímítà 5, èkejì ní 25. Irú rẹ̀ tí a fi ike ṣe wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ohun tí a bá dì gbọdọ̀ gba inú àlàfo náà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, láìjẹ́ pé a fi ipá tì í. N kì í fi bíríkì sínú lẹ́tà kékeré mọ́ rárá, bí ó ti wù kí ó pẹlẹbẹ tó. Lẹ́tà ńlá ni ó kéré jù tí mo lè lò.

Ẹ̀tàn kan wà níbí tí ó dára. Bí a bá da bíríkì sínú ọ̀rá lásán, yóò kó jọ bí òkìtì, yóò sì ga ju mílímítà 25 lọ. Ṣùgbọ́n bíríkì ni, wọ́n dá a kí ó lè mọ́ ara wọn. Bí a bá tò wọ́n ní ìpele kan, gíga rẹ̀ kò ju 11 àti díẹ̀ lọ. Bí a bá kan ìpele kejì mọ́ ọn, ó di nǹkan bí 21, ó sì ku àyè fún páálí àti ọ̀rá. Ìpele kẹta ti lé ní 30, ìyẹn sì ti di pásẹ́ẹ̀lì. Mo máa ń kan bíríkì mọ́ra bí ẹní tí a tẹ́, mo fi ọ̀rá wé e, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín páálí kí ó má lè sá lọ sí igun, kí n tó tì í sínú àpòòwé tí inú rẹ̀ ní tìmùtìmù.

Èkejì: báwo ni ó ṣe wúwo tó? Bíríkì oníkókó mẹ́jọ, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù, wúwo ní gíráàmù méjì àti díẹ̀, kò tó méjì àbọ̀. Nǹkan bí ogójì nínú rẹ̀ yóò ti súnmọ́ gíráàmù 100 kí a tó ka àpòòwé àti páálí. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn obìnrin fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì tó fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀kẹta: báwo ni ó ṣe fẹ̀ tó? Ìbéèrè yìí ni ó máa ń mú àwọn tí ó gbọ́n. Pẹpẹ ńlá kan wà tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe ilẹ̀ ilé tí wọ́n ń kọ́, kókó 32 ní gígùn, 32 ní fífẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ púpọ̀, ojú yóò sì sọ fún ẹni pé lẹ́tà ńlá ni. Ṣùgbọ́n mílímítà 8 ni ó wà láàrin kókó kan àti èkejì. Ẹ fi 8 lu 32, yóò di 256. Sẹ̀ǹtímítà 25.6 nìyẹn, lẹ́tà ńlá kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju 25 lọ. Mílímítà mẹ́fà péré ni ó sọ ọ́ di ẹrù.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù: bí ó bá sọnù, ta ni yóò sunkún? Lẹ́tà lásán kò ní nọ́ńbà tí a lè fi tọpa rẹ̀. Ẹni tí ó tà á yóò sọ pé mo fi ránṣẹ́, ẹni tí ó rà á yóò sọ pé n kò rí i, àwọn méjèèjì sì lè máa sọ òótọ́. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, a lè gba ìwé ẹ̀rí pé a ti fi nǹkan ránṣẹ́ láìsan owó kankan, ìwé náà ni a ó sì fi béèrè owó ìtanràn bí nǹkan bá sọnù. Fún lẹ́tà lásán, owó náà kò ju £20 lọ, wọn kì í sì í san án fún ẹni tí kò di ọjà rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ohun tí ó bá níye lórí ju ìyẹn lọ, pásẹ́ẹ̀lì tí a lè tọpa rẹ̀ ni mo ń lò. Àwọn ọmọlangidi kan wà tí ilé iṣẹ́ náà kò ṣe mọ́, tí ẹyọ kan nínú wọn ń lọ fún ọgbọ̀n pọ́n-ùn. Ó kéré ju àtàǹpàkò lọ, yóò sì wọ lẹ́tà ńlá láìsí wàhálà. Síbẹ̀, bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ta ni yóò san gbèsè?

Àwọn kan a máa dán ọ̀nà mìíràn wò. Wọn a lẹ òǹtẹ̀ lẹ́tà mọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó ti di ẹrù, wọn a sì máa gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má wọ̀n ọ́n. Ó máa ń kọjá nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú un, ẹni tí ó fi ránṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ń lọ bá. Wọn a fi káàdì sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, pé kí ó san owó tí ó kù àti owó ìtanràn lé e kí ó tó rí ẹrù rẹ̀ gbà.

Ìwà yìí mú wa padà sí ayé àtijọ́. Kí ó tó di ọdún 1840 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó gba lẹ́tà ni ó sábà máa ń san owó rẹ̀. Rowland Hill ni ó rọ ìjọba láti sọ ọ́ di kọ́bọ̀ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní pẹ́nì, kí ẹni tí ó kọ lẹ́tà sì san án ṣáájú. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún náà ni òǹtẹ̀ alálẹ̀mọ́ àkọ́kọ́ ní àgbáyé jáde. Ìtumọ̀ òǹtẹ̀ ni pé mo ti san án, ìwọ gba ọ̀rọ̀ rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá san án ní àbọ̀ ti sọ ẹ̀bùn di gbèsè lọ́rùn ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń fi ọ̀nà méjèèjì síwájú oníbàárà kí ó tó sanwó. Mo ń sọ iye owó lẹ́tà ńlá fún un, mo ń sọ pé a kò lè tọpa rẹ̀. Mo ń sọ iye owó pásẹ́ẹ̀lì náà. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yan lẹ́tà, tí wọ́n á sì fi kún un pé bí ó bá sọnù, a ó jọ pín in. Láti ìgbà tí mo ti ń di ọjà dáadáa, ohun kan ṣoṣo ni oníbàárà tíì sọ pé òun kò rí. Mo dá owó rẹ̀ padà láìbi í ní ìbéèrè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó dá a padà fún mi: àpòòwé náà wà nínú ìwé ìpolówó ọjà tí òun fẹ́ sọ nù.

Bíríkì mẹ́fà sí Ìbàdàn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ bàbá wa. Ó rí àwọn bíríkì náà nígbà tí mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Mo rò pé kò sí wàhálà: n ó ki í bọ inú káàdì ọjọ́ ìbí.

Mo lọ ka òfin rẹ̀, mo sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a lè fi ọjà sínú lẹ́tà ńlá. Bí ó bá fẹ́ kọjá ibodè, lẹ́tà ti di ti ọ̀rọ̀ àti ìwé nìkan. Bíríkì kan ṣoṣo nínú káàdì ti sọ ọ́ di ẹrù, wọ́n sì gbọdọ̀ lẹ ìwé aṣọ́bodè tí wọ́n ń pè ní CN22 mọ́ ọn, tí a ó kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ àti iye rẹ̀ sí. Àwọn orílẹ̀-èdè jọ ń ṣe àdéhùn lórí irú nǹkan báyìí nínú Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1874, tí Nàìjíríà sì wọ̀ ní 1961.

Nígbà tí mo kà á, àrokò ni ó wá sí mi lọ́kàn. Àwọn baba wa kò pín in sí méjì bẹ́ẹ̀. Àrokò kì í ṣe lẹ́tà, kò sì jẹ́ ẹrù lásán: ohun tí a dì náà ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ. Owó ẹyọ méjì tí a so ní ìdojúkojú túmọ̀ sí pé mo fẹ́ rí ọ. Bí a bá so wọ́n ní ìkẹ́yìn-síra, ìjà ti dé. Bí owó ẹyọ bá jẹ́ mẹ́fà, ẹni tí ó gbà á yóò ka ẹ̀fà, yóò sì gbọ́ pé ọkàn mi fà mọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, pé ọ̀rọ̀ wa jọ ara wọn. Ènìyàn ni ó ń gbé e lọ, ẹni tí a mọ̀, tí a sì fọkàn tán.

Ọ̀nà kẹta náà ṣì wà, gbogbo Yorùbá tí ó wà ní òkè òkun sì mọ̀ ọ́n: ẹni tí ó ń lọ sílé. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan ń lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ náà. Mo gbé bíríkì náà fún un ní gbangba, nínú ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀, láìlẹ ẹnu rẹ̀ pa, nítorí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ohun tí kò mọ inú rẹ̀ sínú àpò ìrìn àjò rẹ̀. Bíríkì oníkókó mẹ́jọ ni wọ́n, mẹ́fà péré, pupa gbogbo rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ka iye ọ̀nà tí a lè gbà kan mẹ́fà bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n ní ó jẹ́ 915,103,765. Mo mọ̀ pé kò ní tètè sú ọmọ náà.

Ìyá àgbà tiwa ńkọ́? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí pẹlẹbẹ mẹ́jọ kejì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lẹ́tà kan gba ihò ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Lẹ́tà kékeré ni, kò nípọn tó mílímítà kan. Bébà kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, tí ọmọdé fi kírẹ́yọ̀nù ya ọkọ̀ ojú omi sí, pẹ̀lú bíríkì mẹ́jọ tí ó kùn ní àwọ̀ búlúù kí n lè mọ èyí tí ó jẹ́ tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, lókè ibi tí bíríkì alẹ́ ọjọ́ yẹn yí sí.

Ní Ìbàdàn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ka bíríkì rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó pè mí.

"Bùròdá, kí ló dé tí ẹ fi mẹ́fà péré ránṣẹ́?"

Mo ní kí ó lọ bi bàbá àgbà. Mo gbọ́ tí ó sáré lọ. Mo gbọ́ tí bàbá wa ní kí ó kà á fún òun lẹ́sẹẹsẹ, bí a ṣe ń ka owó ẹyọ. Ó bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní, "Ó ti jẹ́ ẹ. Ìgbà wo ni àwọn ọmọ yẹn ń bọ̀?"